KÍ A TÓ RA TÍRÉLÀ, Ẹ JẸ́ KÍ A BI PIKỌ́Ọ̀PÙ LÉÈRÈ
Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹni tó bá wà ní ìpàdé wa tó kọjá yóò rántí pé ọ̀rọ̀ tírélà ló gba gbogbo àkókò wa, tó fi jẹ́ pé a kò ráyè ka ìwé ìṣirò owó tán. Àwọn ìyá ọlọ́jà sọ tinú wọn, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Owó tí wọ́n ń san fún ọlọ́kọ̀ láti Agége àti láti Ìfọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè wọn tán. Pikọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó gbogbo ẹrù. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ ìrajà fi lọ wo tírélà tòkunbọ̀ kan, tí wọ́n sì padà wá sọ fún wa pé ó tóbi, ó lágbára, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wa pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan kọ́ ni kò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní ìwé ìròyìn yìí lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fún mi láàyè kí n sọ ìdí rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mò ń pè ní tírélà. Ní Tóòlù-géètì tiwa níbí, bí ènìyàn bá ti dárúkọ tírélà, ọkọ̀ gàgàrà tó ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Ewékorò ló ń wá sí wa lọ́kàn, tàbí èyí tó gbé kọ̀ǹténà tó dábùú ọ̀nà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. (Tóòlù-géètì la ṣì ń pè é o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí gbígba owó níbẹ̀. Orúkọ kì í tètè kú.) Èyí tí à ń sọ yìí kì í ṣe irú ìyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, kò ní ẹ́ńjìnnì, ìkọ́ ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ìdí mọ́tò. Ẹ ti rí irú rẹ̀ tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lé lórí, tàbí èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń fa ẹ̀rọ ìpo-kọnkéré lọ sí ibi iṣẹ́.

Ní ìlú àwọn Òyìnbó, wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ odidi ilé sórí rẹ̀, pẹ̀lú ibùsùn àti ibi ìdáná, wọn a máa fà á lọ síbi ìsinmi. Nítorí pé ẹni tí kò fa nǹkan rí ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ra irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rò pé a lè jàǹfààní níbẹ̀. N óò padà sí i.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ jù ní ìpàdé nìyí: "Ṣebí pikọ́ọ̀pù yóò fà á?" Bẹ́ẹ̀ ni, yóò fà á. N kò jiyàn. Mọ́tò kékeré pàápàá lè fa nǹkan tó wúwo jù ú lọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Fífà kọ́ ni ìṣòro. Bí yóò ṣe dúró ni ìṣòro. Bí pikọ́ọ̀pù bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí bíríìjì Ṣàngó, tí ọlọ́kadà kan sì já wọ iwájú rẹ̀, bíréèkì pikọ́ọ̀pù nìkan kọ́ ni yóò ṣiṣẹ́ nígbà náà. Tírélà tó wà lẹ́yìn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níwájú, títì ni yóò máa ti pikọ́ọ̀pù lọ. Bí ìdí pikọ́ọ̀pù bá sì fúyẹ́, tírélà yóò yí i sí ẹ̀gbẹ́, àwọn méjèèjì yóò ká bí ọ̀bẹ tí à ń pa dé. Ẹ sì rántí pé bí eré mọ́tò bá di ìlọ́po méjì, bí ó bá kúrò ní 40 tó di 80, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Kì í ṣe méjì o, mẹ́rin ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé oníṣòwò ni wá. Kò sí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ yìí tó máa fi ojú lásán ra ìrẹsì. Bí wọ́n bá gbé kóńgò tí wọ́n ti lù nídìí kalẹ̀, yóò ti mọ̀ kí wọ́n tó bu ẹyọ kan sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ojú la fi ń wọn gbogbo rẹ̀. A ó wo sípíríǹgì, a ó ní "ó ṣì kù díẹ̀," a ó sì ju àpò mẹ́ta mìíràn sí i.

Lẹ́yìn ìpàdé, mo lọ sídìí pikọ́ọ̀pù wa pẹ̀lú ìwé àti bírò. Àwo irin kékeré kan wà lára òpó ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Nínú mọ́tò mìíràn, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló máa ń wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń ṣí ilẹ̀kùn náà tí a sì ń tì í, kò sí ẹni tó kà á rí. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Èkíní ni 2,600 kílò: ìyẹn ni gbogbo ohun tí pikọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀n, pẹ̀lú ẹrù, dẹ́rẹ́bà, èrò àti epo inú rẹ̀. Èkejì ni 4,000 kílò: ìyẹn ni ìwọ̀n pikọ́ọ̀pù àti tírélà lápapọ̀. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni ohun tí táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn lè gbà. Nínú ìwé tó bá mọ́tò náà wá, èyí tí dẹ́rẹ́bà wa fi ń tẹ́ ẹsẹ̀, mo rí i pé kò gbọ́dọ̀ fa ju 1,500 kílò lọ bí tírélà bá ní bíréèkì tirẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fa ju 750 lọ bí kò bá ní. Bí pikọ́ọ̀pù bá ṣófo, 1,600 kílò ló wọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé pikọ́ọ̀pù irú tiwa ń fa jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn. Orúkọ kan náà lè wà lára pikọ́ọ̀pù méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ti dísù tí gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ ń wakọ̀, kí èkejì jẹ́ ti pẹtiróòlù tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Iye tí wọ́n lè fà kì í ṣe ọgbọọgba. Àwọn mọ́tò kékeré mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, tí ìwé wọn sọ gbangba pé kí a má fi wọ́n fa nǹkan kan rárá. Irú wọn sì pọ̀ níbí. Nọ́ńbà tó wà lára mọ́tò tìrẹ ni kí o kà, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ rẹ.

Nígbà tí mo ka ti pikọ́ọ̀pù tán, mo lọ síbi tí tírélà wà. Ó ní àwo irin tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá ṣófo, 780 kílò ni. Bí ó bá kún, kò gbọ́dọ̀ ju 2,000 lọ. Mo bi ẹni tó ń tà á nípa bíréèkì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ta ló ń lo bíréèkì tírélà ní Nàìjíríà?" Wáyà bíréèkì náà ti já, òmíràn ti dípẹtà. Ó fi hàn mí láìtijú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró síbi yìí díẹ̀. Tírélà tí kò ní bíréèkì, pikọ́ọ̀pù wa kò gbọ́dọ̀ fa ju 750 kílò. Tírélà yìí ní òfìfo wọ̀n 780. Èyí já sí pé kí a tó gbé ẹyọ àpò kan ṣoṣo sínú rẹ̀, a ti kọjá ààlà. Òfìfo lásán!

Ẹnìkan yóò sọ pé kí a tún bíréèkì ṣe. Ó dára, mo ti fi ìyẹn náà ṣe ìṣirò. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ní yóò gba 40 àpò sìmẹ́ńtì. 20 àpò ni tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà 40 jẹ́ 2,000 kílò. Ẹ fi 780 tirẹ̀ kún un, ó di 2,780. Tírélà fúnra rẹ̀ kò lè gbé e, ká má tíì sọ ti pikọ́ọ̀pù. Bí a bá fẹ́ tẹ̀ lé ìwé, 1,500 ni òpin. Yọ 780 kúrò, ó ku 720, ìyẹn àpò 14. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀, nítorí pé ìkọ́ tírélà máa ń tẹ ìdí pikọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀, ó sì yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ka ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, 150 kílò ni, orí pikọ́ọ̀pù ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kà á sí. Pikọ́ọ̀pù wa lè gbé 1,000. Yọ dẹ́rẹ́bà àti ènìyàn méjì, tí mo ka ẹnì kọ̀ọ̀kan sí 75 kílò (mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò rẹ́rìn-ín síbí yìí), ìyẹn 225. Yọ 150 ti ìkọ́. Ó ku 625, àpò 12. Lápapọ̀, àpò 26 ni tírélà ńlá àti pikọ́ọ̀pù lè jọ gbé, lẹ́yìn tí a bá ti náwó tún bíréèkì ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo tírélà kékeré, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, irú èyí tó wọ̀n 250 kílò ní òfìfo, tí kò gbọ́dọ̀ ju 750 lọ bó bá kún. Ẹrù 500 kílò ló ń gbà, àpò 10. Ìkọ́ rẹ̀ yóò tẹ pikọ́ọ̀pù ní 75 kílò. Pikọ́ọ̀pù yóò ku 700, àpò 14. Lápapọ̀, àpò 24.

Àpò méjì péré ni ìyàtọ̀ láàrin ńlá àti kékeré. Nítorí àpò méjì yìí ni a ṣe fẹ́ ra táyà mẹ́rin dípò méjì, kí a tún bíréèkì ṣe, kí a máa jó epo lórí irin 780 kílò tí a óò máa fà káàkiri bó tilẹ̀ ṣófo.

Mo ṣèlérí pé n óò padà sọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó tó ń fa ilé kiri. Ní Bìrìtìkó, ìmọ̀ràn tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé kí tírélà pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú rẹ̀ má ju ìdá 85 nínú 100 ìwọ̀n mọ́tò tí ń fà á, bí ìwé mọ́tò náà tilẹ̀ gbà jù bẹ́ẹ̀. Ìdá 85 nínú 1,600 tiwa jẹ́ 1,360. Bí a bá tẹ̀ lé èyí, tírélà ńlá yóò gba àpò 11, pikọ́ọ̀pù yóò gba 12, ó di 23. Ó ti wá kéré sí ti tírélà kékeré! Ẹ sì má gbàgbé pé ọ̀nà tiwọn tẹ́jú ju tiwa lọ. Kò sí kòtò irú èyí tó wà láàrin Alákùko àti Ṣàngó níbẹ̀. Bí táyà bá já sínú kòtò, ẹrù tó wọ̀n 500 kílò yóò lu ọ̀pá táyà bí ẹni pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kí ó má di pé ìwé nìkan ni mo ń kà fún yín, ojú mi ti rí i. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo yá tírélà kékeré kan, mo so ó mọ́ mọ́tò èmi fúnra mi láti fi kó àga àti irin kánópì lọ síbi òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìfọ̀. Ẹrù náà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n irin kánópì gùn, ẹ̀yìn tírélà ni a kó gbogbo rẹ̀ sí, tó ń yọrí síta. A kọjá Jójú láìsí wàhálà. Nígbà tí a ń sún mọ́ Òwódé Ìjakọ̀, mo rí ojú títì tó dán, mo tẹ iná mọ́ ọn. Tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún jù sósì bí ìrù ajá. Mo yí ìdarí sọ́tùn-ún láti tọ́ ọ, ó burú sí i. Ìyàwó mi ń ké Jésù. Ohun tó gbà wá ni pé ẹ̀rù bà mí débi tí ẹsẹ̀ mi fi kúrò lórí iná, eré sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì kan ló wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ohun tó yẹ kí n ṣe gan-an ni mo ṣèèṣì ṣe: kí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ó di ìdarí mú gbọin, kí ó má tẹ bíréèkì lójijì.

Ohun tó fà á ni pé ẹ̀yìn wúwo jù. Nígbà tí ẹ̀yìn tírélà bá wúwo, ó ń gbé ìdí mọ́tò sókè dípò kí ó tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ka ẹrù sí ọ̀nà mẹ́wàá, kí mẹ́fà wà níwájú ọ̀pá táyà, kí mẹ́rin wà lẹ́yìn. Nínú gbogbo ìwọ̀n tírélà, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fẹ́ kí ìkọ́ tẹ̀. Kò ṣòro láti wọ̀n. Òṣùwọ̀n tí ènìyàn ń gùn ní ilé kẹ́míìsì tó láti wọn ti tírélà kékeré, kí a gbé imú tírélà lé e lórí.

Ẹ̀yin ìyá elépo, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí epo pupa kún, nǹkan bí kílò 24 ni pẹ̀lú ike rẹ̀. Tírélà kékeré yóò gba 20. Ṣùgbọ́n bí kẹ́ẹ̀gì kò bá kún, epo inú rẹ̀ yóò máa ṣàn síwá sẹ́yìn, nítorí náà kí ẹ rọ wọ́n kún, kí ẹ sì dì wọ́n. Ti oníata gbígbẹ yàtọ̀ pátápátá: tírélà yóò kún dé òkè kí ó tó wúwo, afẹ́fẹ́ ni yóò máa bá wọn jà. Ẹni tó bá ń ta aṣọ kò ní wàhálà kankan.

Ìkọ́ náà ṣe pàtàkì. Bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù fẹ̀ ní mìlímítà 50. Amẹ́ríkà ní èyí tó kéré sí i díẹ̀, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Bí a bá gbé tírélà Yúróòpù lé bọ́ọ̀lù kékeré ti Amẹ́ríkà, yóò dà bí ẹni pé ó wọlé, títí yóò fi bọ́ nínú kòtò. Wẹ́dà kan ní ìpàdé ní òun yóò jó irin mọ́ bọ́ńpà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ọlọ́run bù kún un, ṣùgbọ́n bọ́ńpà kọ́ ni wọ́n ń so ó mọ́, ṣaasí ni, bóòtù ni wọ́n sì fi ń dè é. Kí ṣéènì méjì tún wà lábẹ́ ìkọ́, kí wọ́n kọjá lórí ara wọn, kí wọ́n lè gbé imú tírélà ró bí ó bá bọ́. Ní ti táyà, kí a ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 84 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 500 kílò. Nọ́ńbà mẹ́rin tó ń parí ìlà DOT ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2315 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015. Táyà tírélà tí mo lọ wò dán lójú, ṣùgbọ́n wọ́n ti dàgbà ju àwọn ọmọ kan nílé ìwé girama lọ.

Ẹnìkan bi mí ní kọ̀rọ̀ pé ta ni yóò mú wa, ṣebí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kì í gbé òṣùwọ̀n kiri. Láti 1988 tí wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀, àwa kan ṣì rò pé nítorí tiwọn la ṣe ń ṣọ́ra. Èmi kò ronú nípa wọn nígbà tí mò ń kọ èyí. Dẹ́rẹ́bà wa ni mò ń rò, ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin, tí yóò sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" fún ohunkóhun tí ìgbìmọ̀ bá ní kí ó gbé. Ẹni tí a ó pè lẹ́jọ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni òun náà. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kò sì ní pẹ́ kí ó tó ka àwo irin tó wà lára ilẹ̀kùn. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ kà á.

Ohun kan tún kù. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ti kọ̀wé béèrè ẹ̀yáwó láti ra tírélà tiwọn, ọ̀kan fẹ́ máa fi yá àwọn aláriya ní àga àti kánópì, èkejì fẹ́ fi gbé jẹnẹrétọ̀ ìjórin. N kò ní ohunkóhun lòdì sí wọn, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi sílẹ̀, kò sí ibi tí a kọ irú mọ́tò tí yóò fà á. Àwọn onídùúró wọn ti fọwọ́ sí i láìmọ ohun tí wọ́n ń dúró fún. Mo dá a lábàá pé kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó má wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ títí tí nọ́ńbà àwo irin mọ́tò àti ti tírélà yóò fi wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn yóò ní akọ̀wé ti tún kó wàhálà dé. Kò burú.

Ní ti ẹgbẹ́, ìbò mi ni pé kí a fi tírélà ńlá sílẹ̀ fún ẹni tó ní ọkọ̀ tó tó o, kí a wá ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Bí ìyàtọ̀ bá wà nínú owó, kí a fi ra táyà tuntun àti ìkọ́ gidi. Ẹni tí kò bá gba ìṣirò mi gbọ́, kí ó wá ní Sátidé tó ń bọ̀ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. A ó gbé pikọ́ọ̀pù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù, níbi tí òṣùwọ̀n ọkọ̀ wà, a ó wọ̀n ọ́n ní òfìfo, a ó sì tún wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹrù. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú àpò kan irú èyí tó máa ń gbé wá. Owó òṣùwọ̀n, ẹgbẹ́ ni yóò san án.